Ibi tí Triumph Scrambler ti ṣẹ̀ wá

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Kubwa ni mo ti kọ́kọ́ sún mọ́ alùpùpù Triumph Scrambler. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mẹkáníìkì náà. Boxer ló ń tún ṣe lójoojúmọ́, àmọ́ oníbàárà kan gbé máṣíìnì ńlá yìí wá kó bá òun wo búréèkì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí páìpù méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ sẹ́yìn, tó ga dé ẹ̀bá itan ẹni tó bá gùn ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé sàlẹ́ńsà sí. Ẹni tó ronú kan èyí ti fi máṣíìnì la odò rí.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ní 1924, ní Camberley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan kóra jọ láti fi máṣíìnì sáré la igbó àti ẹrẹ̀ kọjá. Wọ́n pe eré náà ní scramble, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó a mú máṣíìnì tó ń gùn lójú títì, a tú iná iwájú rẹ̀ kúrò, a gbé páìpù èéfín sókè kí omi àti òkúta má bàa kàn án, a wá táyà tó ń di ilẹ̀ mú, a sì fi hándù fífẹ̀ sí i kó lè dìde dúró gùn ún. Bí àwọn tiwa náà ṣe ń gbé Boxer lọ bá wẹ́dà ní Gwagwalada nìyẹn, kó lè jó irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún àpò iṣu.

Siegfried Bettmann, Júù ọmọ Nuremberg ní Jámánì, ló dá Triumph sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń tà, 1886 ló sì sọ ọ́ ní Triumph. Nígbà tí alùpùpù wọn àkọ́kọ́ jáde ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1902, ẹ́ńjìnnì Minerva tí wọ́n rà láti Bẹ́ljíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ní 1913, wọ́n fi àjèjì yìí ṣe mayor Coventry. Àwa tí wọ́n bí sí Kano àti Kaduna, tí wọ́n ṣì ń bi pé níbo gan-an nilé bàbá wa, a mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Edward Turner, ẹni tó ń ya àwòrán máṣíìnì fún Triumph, gbé Speed Twin, alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà méjì, jáde ní 1937. Bọ́ǹbù wó ilé iṣẹ́ náà ní November 1940, wọ́n sì kó lọ sí Meriden. Ibẹ̀ ni alùpùpù tí wọ́n pè ní TR6 ti wá, èyí tí wọ́n fẹ́ràn gidigidi ní aṣálẹ̀ Kalifọ́níà. Triumph rí ohun tí àwọn oníbàárà ń fọwọ́ ara wọn ṣe, òun náà sì ń fi páìpù gíga sí TR6C kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. TR6 ni Steve McQueen, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, gùn nígbà tó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi ìdíje alùpùpù ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní Erfurt, ní Jámánì, ní 1964.

Meriden kógbá sílé ní 1983. John Bloor, ẹni tó ń kọ́lé tà, ra orúkọ náà, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Hinckley. Ní 2006 ni Scrambler tòde òní jáde, 865 cc.

Ọ̀kan nínú wọn ló wà níwájú wa yẹn. Mo rí kabúrétọ̀ méjì lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mẹkáníìkì fi ìka kàn wọ́n, ó ní kò sí kabúrétọ̀ níbẹ̀, injector, èyí tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì dípò kabúrétọ̀, ni wọ́n fi ara kabúrétọ̀ bò. Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ojú tiwọn ṣì máa rí ohun tí ojú bàbá wọn rí, mo sì fẹ́ràn wọn fún un.

Mo wá sọ fún un pé láti 2023, Bajaj tó ń ṣe Boxer ló ń bá Triumph ṣe Scrambler 400 X ní Chakan, nílẹ̀ Íńdíà. Ó dìde, ó wo Boxer tó fara ti ògiri, ó tún wo èyí tó wà níwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ṣéènì Boxer á wọ 400 yẹn?”

Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọ̀kan bá wọ Abuja, kí n ṣáà júwe ṣọ́ọ̀bù òun fún ẹni tó ni ín.