Jip àti Janneke: kí ni mínísítà ń wá nínú ìwé ọmọdé?

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn òṣèlú ilẹ̀ Nẹ́dálándì á ti bá orúkọ Jip àti Janneke pàdé. Lónìí, wọ́n á ní kí mínísítà fi "èdè Jip àti Janneke", ìyẹn èdè tó rọrùn bíi ti ìwé ọmọdé, ṣàlàyé òfin fún aráàlú. Lọ́la, wọ́n á ní èdè Jip àti Janneke rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sí Jip kankan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn o.

Ta wá ni Jip, ta ni Janneke?
Ọmọdé méjì tí ilé wọn fara kanra. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, Jip ń rìn kiri nínú ọgbà, kò rẹ́ni bá ṣeré. Ó rí ihò kékeré kan lára igi ọgbà tó pààlà, ó yọjú: imú kékeré, ẹnu kékeré, ojú búlúù méjì. Janneke nìyẹn. Jip ní òun á gba ihò náà kọjá, ló bá há síbẹ̀.

Ta ló kọ ọ́?
Annie M.G. Schmidt, ọmọ pásítọ̀, tí wọ́n bí ní Kapelle lágbègbè Zeeland lọ́dún 1911. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni kó tó dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Het Parool ní Amsterdam. Inú ìwé ìròyìn náà ni ìtàn Jip àti Janneke ti ń jáde, láti 1952 sí 1957.

Wọ́n dúdú bí èédú nínú àwòrán. Ṣé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n?
Rárá. Ẹ rántí ojú búlúù. Fiep Westendorp tó ń ya wọ́n ló sọ wọ́n di òjìji, torí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn dáadáa nínú ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ wọ́n di Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ṣé ìtàn ọmọdé nìkan ló kọ?
Ibi tí wọ́n ti ń ṣi obìnrin yìí mọ̀ gan-an nìyí. Akéwì ni. Ọ̀kan nínú ewì rẹ̀ tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ mọ̀ ni ti Dikkertje Dap, ọmọkùnrin tó gun àkàbà ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀ kó lè fún àgùnfọn ní ṣúgà, tó sì ń fi bàtà rọ́bà pupa rẹ̀ yangàn fún un. Ó kọ eré orí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1965, òun àti Harry Bannink tó ń ṣe orin gbé Heerlijk duurt het langst jáde, eré olórin lórí ọkọ, ìyàwó àti àlè. Ọ̀rọ̀ àgbà pátápátá. Eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, Ja zuster, nee zuster, mi ìlú tìtì láti 1966 sí 1968, síbẹ̀ wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù náà lò. Ọgbọ́n ìṣúnná owó! Ní 1988, ó gba ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń kọ̀wé ọmọdé, Astrid Lindgren, òǹkọ̀wé ọmọdé ará Sweden, ló sì fi lé e lọ́wọ́. Ó kú ní 1995, ọjọ́ kejì ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Kí ló wá kàn án pẹ̀lú òṣèlú?
Gbólóhùn kúkúrú, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n mú. Wọ́n fi ìwà ìjàngbọ̀n inú rẹ̀ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ni adùn iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé èébú ni?
Ó dọwọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Ọmọ mi ń dàgbà ní Rotterdam. Ṣé ìwé rẹ̀ ò ní bà á jẹ́?
Jip àti Janneke ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó tiẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀yin òbí. Ewì kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ọmọ kan níbẹ̀ ní òun ò bá àgbà bọ ọwọ́ mọ́, òun ò sì ní máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni sà" mọ́. Bí ìyá àgbà bá wá kí yín láti Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó padà sílé ná kí ẹ tó ka ìyẹn.