Gíláàsì tó ń rọ̀

Ẹ wo ẹni tó ń se baba dúdú ní Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń ṣàn, kò ṣe é dì mú. Bó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ó ti le gbagidi, kò ṣe é ká mọ́. Láàárín méjèèjì yìí ló ti ń fi ọwọ́ tó fi òróró pa yí i ní róbótó. Àárín yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì gbígbóná láti fi ṣe ife wà.

Yìnyín ní ibi tó ti ń di omi: bí ooru bá ti kọjá 0°C, ó yọ́. Gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó le bí òkúta, ó wá fà bí ọ̀dà, ó wá ń kán bí oyin. Èyí tí kò bá sì tíì rọ̀, kò sẹ́ni tó lè rọ ọ́.

Iyanrìn funfun bíi ti Igbókòdá lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é. Iyanrìn nìkan á gbà tó 1,700°C kó tó yọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po sódà mọ́ ọn kí iná má baà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ á ti irin gígùn oníhò bọ inú iléru, á yí i bí ìgbà tí a ń fi igi ká oyin. Ohun tó bá fà jáde á pọ́n bí ẹyín iná. Á yí i lórí tábìlì irin kí ara rẹ̀ dì díẹ̀, á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu irin, díẹ̀ péré, inú rẹ̀ á sì wú. Kò gbọdọ̀ dẹ́kun yíyí. Bó bá dúró báyìí, gíláàsì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìwé ìròyìn tí wọ́n ká, tí wọ́n rẹ sómi, ni àwọn kan ń tẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi ṣe é ní róbótó. Oru omi náà ló ń dá ooru dúró.

Kì í ṣe fífẹ́ nìkan o. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn: wọ́n á fà á gùn bí okùn, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́.

Bí ife bá ti parí, wọn kì í gbé e síta. Inú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 500°C ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́jú. Bí ara rẹ̀ bá yára sún kì nígbà tí inú ṣì gbóná, ó lè dá wà lórí tábìlì, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kó sì là.