Ohun tó ń ba ọwọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà jẹ́

Bí àkókò pùrójẹ́ẹ̀tì bá dé n'Ífẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í rójú, láti ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí dé Mayfair. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, nítorí náà, bí iná bá ti dé báyìí, ẹni tó ń tẹ̀wé á dojú kọ kíbọ́ọ̀dù, kò ní gbọ́wọ́ kúrò títí wọ́n á fi mú iná lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ba ọwọ́ jẹ́. Àìsinmi àti ọrùn ọwọ́ tí kò tọ́ wà ńbẹ̀.

Púpọ̀ nínú ẹran tó ń mú ìka ṣiṣẹ́ kò sí nínú ìka rárá. Àárín ìgbọ̀nwọ́ sí ọrùn ọwọ́ ni wọ́n wà, okùn iṣan ni wọ́n sì fi ń fa ìka láti ibẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú okùn wọ̀nyí ló ń gba inú ihò tóóró kan kọjá lọ́rùn ọwọ́. Iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìlàjì ìka òrùka há mọ́ wọn níbẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá tọ́, àwọn okùn náà á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Bí ó bá tẹ̀, wọ́n á máa ha bí okùn omi ṣe ń ha létí kànga. Okùn tó ń ha láìsinmi á wú, ibi tó há tẹ́lẹ̀ á tún há sí i, iṣan ìmọ̀lára ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìka wọ̀nyẹn fi máa ń kú tipiri, tí ara ìka kékeré sì dá ṣáṣá.

Irú àìsàn ọwọ́ báyìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1713, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ̀wé nípa akọ̀wé kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ nítorí ìwé kíkọ. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ. Kò pẹ́ tí òsì náà fi rọ. Kí ẹni tó ń ronú àtigbé máòsì sí ọwọ́ kejì rántí èyí.

Tábìlì ìkọ̀wé sábà máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, àga ike ṣọ́ọ̀bù sì kéré sí i. Èjìká á gbé sókè, ọwọ́ á kọ́ sẹ́yìn. Kò sí ohun ọ̀wọ́n kan tí ènìyàn nílò láti rà: kí wọ́n fi tìmùtìmù sórí àga títí ìgbọ̀nwọ́ á fi bá kíbọ́ọ̀dù dọ́gba, bí ẹsẹ̀ kò bá wá kanlẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, tí gbogbo ayé ń ṣí torí pé wọ́n rí i níbẹ̀, pípa ló yẹ kí wọ́n pa á dé. Òun ló ń mú ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Kí máòsì sún mọ́ kíbọ́ọ̀dù pẹ́kípẹ́kí.

Láptọ́ọ̀pù ló burú jù. Bí ojú rẹ̀ bá bá ojú ènìyàn mu, ọwọ́ á ga. Bí ọwọ́ bá tọ́, ọrùn á tẹ̀. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ ní láti gbé e ka orí ìwé, kó sì so kíbọ́ọ̀dù mìíràn mọ́ ọn.

Ní ti ìsinmi, ìṣẹ́jú 5 sí 10 nínú wákàtí kan sàn ju 20 lẹ́yìn wákàtí 2 lọ. Fóònù títẹ̀ kì í ṣe ìsinmi, àtàǹpàkò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Robb ń bo ìrora mọ́lẹ̀, kì í mú okùn tó wú sọ̀. Ẹni tó fi í para tó padà sídìí iṣẹ́ ń fi kún un ni.

Bí ọwọ́ bá ń jí ènìyàn lóru, tàbí tí ife ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ẹran ara àti oríkèé, wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìdè ọrùn ọwọ́ tí a ń wọ̀ sùn wà lára ohun tí wọ́n sábà kọ́kọ́ ń fún ènìyàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń ká ọwọ́ kò lójú oorun láìmọ̀, tí ìfúnpá inú ihò yẹn á sì máa ga títí ilẹ̀ á fi mọ́.