"Elder" Kì Í Bá "Than" Rìn

Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ń ṣe ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa ń tún ṣe jù nínú ìwé ìbúra àwọn oníbàárà mi ni "elder". Ẹni tí ọ̀rọ̀ ogún gbé wá yóò kọ ọ́ pé "He is elder than me", nítorí pé "Ó jù mí lọ" ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. N kò bá a wí, torí pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ àfiwé ni "elder" láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ṣì jẹ́ ọ̀kan, àfòmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé ní fáwẹ́lì "i" nínú, fáwẹ́lì yìí ló sì fa "a" tó ṣíwájú rẹ̀ mọ́ra nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí "ald", tí í ṣe "old" òde òní, fi di "eld". Ẹni tó bá ti gbọ́ bí "ilé ìwé" ṣe ń di "iléèwé" lẹ́nu wa kò ní ka èyí sí àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ́lì iwájú ló ń fa ti ẹ̀yìn nínú tiwa. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ "alt" àti "älter" di òní.

Nígbà tó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀dá "older" láti ara "old", òun ló sì gba iṣẹ́ àfiwé pẹ̀lú "than". Ohun tó kù fún "elder" ni ọ̀rọ̀ ẹbí, bí "elder brother", àti oyè àgbà, irú èyí tí àwọn ìjọ kan ń pè ní Ẹ́ldà. "Senior" tí a fẹ́ràn púpọ̀ náà, àfiwé ni lédè Látìn. "To" ló ń bá rìn, kì í ṣe "than".

Nítorí náà, "He is older than me" tàbí "He is my elder brother" ni mo máa ń kọ fún ẹ̀gbọ́n. Ìbejì nìkan ló ń dá mi dúró. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n adájọ́ tó bá ka "elder twin" yóò rò pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Mo máa ń yọ "elder" kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí n sì kọ ọ́ gbangba pé Táíwò ni ó kọ́kọ́ wáyé.