Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Eégbọn Ń Gbé Ju Ibà Kan Lọ

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àgbò a kún ìlú, ẹṣin Ojúde Ọba náà a ti wà lọ́dọ̀ àwọn ìdílé Balógun. Eégbọn bá wọn wọ̀lú. A ó já a, a ó tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ara ẹni tó já a bá wá gbóná, oògùn ibà ẹ̀fọn (malaria) náà la ó rà fún un.

Àwọn olówò màlúù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fura sí eégbọn. Pápá tí màlúù gúúsù bá ti gbà kọjá, màlúù àríwá tó bá jẹko níbẹ̀ á kú, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe ti gúúsù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ò gbà wọ́n gbọ́. Onímọ̀ àrùn Theobald Smith àti dókítà ẹran F. L. Kilbourne ló dán an wò. Wọ́n ṣa eégbọn kúrò lára màlúù gúúsù, wọ́n da àwọn màlúù náà mọ́ ti àríwá: kò sí àrùn. Wọ́n da eégbọn nìkan sí pápá: àrùn dé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ rí, ti jogún àrùn náà lára ìyá rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1893, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí dókítà Ronald Ross tó rí kòkòrò malaria nínú ẹ̀fọn.

Ní Kóńgò, àwọn dókítà Joseph Dutton àti John Todd rí i pé eégbọn ló ń kó ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ran èèyàn. Ibà náà ló pa Dutton ní 1905.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Ní 1964, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú eégbọn ara màlúù, wọ́n fi orúkọ Dùgbẹ̀ sọ ọ́. 

Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ Willy Burgdorfer kéde ní 1982 kòkòrò tó ń fa Lyme, àrùn kan tí eégbọn ń kó ran èèyàn. Eégbọn tó ń gbé e ń gbé Babesia, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú, ìbátan èyí tó pa màlúù ọjọ́ Smith, méjèèjì sì lè wọ ara ẹnì kan pọ̀.

Lyme kì í ṣe tiwa. Amblyomma ni tiwa, eégbọn aláràbarà ara màlúù. Ó lè gbé fáírọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀, ó sì lè gbé Rickettsia africae, kòkòrò tó ń fa ibà eégbọn. Alápatà ní Ṣágámù tí oògùn ibà ò ràn, ó yẹ kí dókítà bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kó sì wo ara rẹ̀ bóyá ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹ́ ti di egbò dúdú.