Báwo ni R àti Julia ṣe ń fi Matplotlib ya gíráàfù?

Matplotlib ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya gíráàfù, èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. John Hunter ló gbé e jáde ní 2003, ọ̀pọ̀ tó sì ti mọ̀ ọ́n lò kì í fẹ́ fi í sílẹ̀, kódà bí iṣẹ́ bá gbé wọn lọ sídìí èdè kọ̀ǹpútà mìíràn bíi R tàbí Julia.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n tún Matplotlib kọ fún R àti Julia ni?

Rárá o. Odindi Python ni wọ́n gbé wọ inú ètò R tàbí Julia tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èdè C ni wọ́n fi kọ Python tí gbogbo ayé ń lò, ó sì wà ní fáìlì kan (libpython) tí ètò mìíràn lè ṣí kó sì máa pàṣẹ fún. Èdè yòówù tó bá ti lè pe fọ́ńkíṣọ̀n C lè ṣe é. Alárinà nìkan ló kù: reticulate ló ń ṣe é fún R, PyCall ló ń ṣe é fún Julia. PyPlot tí àwọn oní-Julia ń lò kò ya ìlà kan ṣoṣo fúnra rẹ̀. Orí PyCall ló jókòó sí.

Ìbéèrè: Báwo ni kóòdù rẹ̀ ṣe rí?

Nínú R:

    library(reticulate)
    plt <- import("matplotlib.pyplot")
    plt$plot(c(1, 2, 3), c(4, 1, 9))
    plt$savefig("aworan.png")

Níbi tí Python ti ń lo àmì ìdánudúró, $ ni R ń lò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí plt$subplots(1, 2) kò fi ṣiṣẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú Python?

Bí ẹ bá kọ 1 nínú R, 1.0 ló gbà pé ẹ kọ, Matplotlib kò sì lè to àwòrán sí ìlà 1.0. Ẹ kọ ọ́ báyìí: plt$subplots(1L, 2L). L yìí ló ń sọ fún R pé odindi nọ́ḿbà ni. Ohun mìíràn tún wà tó fara pẹ́ ẹ: c(5) máa ń dé ọ̀dọ̀ Python bíi nọ́ḿbà kan lásán, kì í ṣe àkójọ. Níbi tí Matplotlib bá ti ń retí àkójọ, list(5) ni kí ẹ kọ. Julia kò ní wàhálà méjèèjì yìí.

Ìbéèrè: Àtẹ nọ́ḿbà mi jáde ní àdojúdé. Ṣé alárinà ló yí i?

Ó ṣeé ṣe kó má mọwọ́ mẹsẹ̀. Lóòótọ́, òpó-òpó ni R àti Julia ń to nọ́ḿbà sí mẹ́mọ́rì, NumPy (irinṣẹ́ Python fún àtẹ nọ́ḿbà) sì sábà máa ń tò ó ní ìlà-ìlà. Ṣùgbọ́n alárinà máa ń sọ fún NumPy bí wọ́n ṣe tò ó, nítorí náà ohun tó wà ní ìlà kejì, òpó kẹta, kò ní kúrò níbẹ̀. (Ohun tí R pè ní 1, Python á pè é ní 0, ẹ fi sọ́kàn.) Òkè ni imshow (àṣẹ Matplotlib tó ń sọ àtẹ nọ́ḿbà di àwòrán) fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà, nínú Python pàápàá. Ẹ fi origin = "lower" kún un.

Ibi tí ewu gidi wà ni pé kí ẹ tú àtẹ sí ìlà gbọọrọ kan nínú R, kí ẹ wá fi reshape tún un tò lọ́dọ̀ NumPy. Ìlà-ìlà ni yóò fi kún un, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú, àfi tí ẹ bá fi order = "F" sọ fún un pé kó tò ó ní òpó-òpó.

Ìbéèrè: Mo ti fi Matplotlib sí kọ̀ǹpútà mi, R ní òun kò rí i.

Ní tèmi, ìdí èyí ni ìdajì ẹ̀fọ́rí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ó lè jẹ́ pé Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ fi Matplotlib sínú ọ̀kan, kí R sì lọ ṣí òmíràn. py_config() á fi èyí tó ń lò hàn yín. Ẹ fi use_virtualenv() tàbí use_python() yan èyí tí ẹ fẹ́ kí Python tó jí, torí tó bá ti jí tán, kò ṣeé pààrọ̀ mọ́, àfi kí ẹ tún R bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ Julia, ẹ yí ENV["PYTHON"] padà, ẹ ṣe Pkg.build("PyCall"), kí ẹ sì tún Julia ṣí.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí n máa ṣe é báyìí?

Tó bá jẹ́ gíráàfù lásán, rárá: R ní ggplot2, Julia ní Makie. Ó tọ́ bí ẹ bá ti ní kóòdù Matplotlib tó pọ̀ nílẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ tún kọ. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ni ẹ nílò rẹ̀, ẹ kó nọ́ḿbà yín sínú fáìlì CSV, kí ètò Python kékeré kan kà á, kó sì yà á láìsí alárinà kankan.