Ẹ Yí Nọ́ńbà Kan Padà Ná

Bí mo bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù pé irú géèmù wo ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èsì tó máa ń wá kì í kéré: ìlú ńlá kan, ọkọ̀ tó ń sáré, òjò tó ń rọ̀, ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n jọ ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya ilé tí akọni inú géèmù mi yóò máa gbé, n kò sì tíì kọ ìlà kan tí yóò jẹ́ kó lè gbé ẹsẹ̀. Ilé náà rẹwà. Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nísinsìnyí ni pé kí wọ́n wá géèmù tó kéré débi pé wọ́n lè parí rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí wọ́n wá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e máa tú u palẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un tò. Ṣíṣe àdàkọ kóòdù ẹlòmíì látinú fídíò kò burú, ṣùgbọ́n ìka nìkan ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Orí kì í bá wọn dá sí i àfi ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ fọwọ́ kàn.

Ní ti èdè tí ẹ ó fi máa kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: Python. Ọ̀fẹ́ ni, láti 1991 ni Guido van Rossum ti gbé e jáde, àwọn ìlà rẹ̀ kì í sì í ní àmì wọ́gọwọ̀gọ tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Ẹni tí títẹ lẹ́tà bá ń ni lára lè kọ́kọ́ lo Scratch, tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, níbi tí ẹ ó ti máa fi máòsì to àwọn ègé àṣẹ mọ́ra wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọdé ló wà fún. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí nǹkan kọ́kọ́ yé níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tì yín lójú.

Géèmù tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà kan sọ́kàn, olùgbá ni yóò wá a rí.

```
import random

asiri = random.randint(1, 100)
iye_igba = 0

while True:
    idahun = int(input("Mú nọ́ńbà kan, láti 1 dé 100: "))
    iye_igba = iye_igba + 1
    if idahun < asiri:
        print("Ó kéré jù.")
    elif idahun > asiri:
        print("Ó pọ̀ jù.")
    else:
        print("O gbà á! Iye ìgbà:", iye_igba)
        break
```

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ lọ gbé irinṣẹ́ tí Python fi ń ṣẹ́ gègé wá. Ìlà kejì lò ó, ó sì kó ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ sínú àpótí kan tí a kọ «asiri» sí lára. Àmì = yẹn kò túmọ̀ sí pé nǹkan méjì dọ́gba; «kó o sínú» ló túmọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí «iye_igba = iye_igba + 1» fi bọ́gbọ́n mu fún kọ̀ǹpútà, bí olùkọ́ ìṣirò tilẹ̀ lè figbe ta bó bá rí i: ohun tó wà nínú àpótí, fi ẹyọ kan kún un, kó o padà síbẹ̀. «while True» ní kí iṣẹ́ náà máa yí po láìdúró, «break» sì ni ẹnu ọ̀nà ìjáde. Ààyè tó wà níwájú àwọn ìlà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni Python fi ń mọ ohun tó wà nínú kí ni, nítorí náà ẹ máa fi mẹ́rin mẹ́rin sílẹ̀.

Orúkọ àwọn àpótí, ẹ̀yin lẹ ni ín. Èmi máa ń yọ àmì ohùn kúrò lára wọn kí n má baà tẹ̀ wọ́n ní oríṣi méjì, ṣùgbọ́n inú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn " ", ẹ fi gbogbo àmì yín sí i. Bó bá sì jẹ́ pé àgbà ni yóò gbá géèmù náà, ẹ sọ «Mú» di «Ẹ mú», kí «O gbà á» náà di «Ẹ gbà á». Ìyípadà yín àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ba nǹkankan jẹ́.

Ní báyìí, ẹ ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fi lẹ́tà kọ «méje» dípò 7. Gbogbo rẹ̀ yóò dákú, òkìtì ọ̀rọ̀ yóò sì jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa kọ̀ǹpútà dé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá sọ irú àṣìṣe tó jẹ́, ValueError ni yóò pè é, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó há a lọ́fun. Lókè díẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú «input», ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, àní bó jẹ́ 7. Iṣẹ́ «int» ni láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di nọ́ńbà, «méje» kò sì sí nínú ohun tó mọ̀ ọ́n sọ. Oògùn rẹ̀ ni «try» àti «except»: gbìyànjú èyí, bó bá kọ̀, sọ fún olùgbá pé nọ́ńbà lo fẹ́, kí o sì padà sókè. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ìlà mẹ́rin ni, ẹ ó sì gbádùn wíwá a rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ 100 tó wà nínú «randint» di 1000. Kí ẹ tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ síta pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dà bí eré ọmọdé kí èèyàn máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n èyí gan-an ni mo fi ń dá ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe oríire. Bí ohun tí ẹ sọ bá ṣẹ, òye yín péye. Bí kò bá ṣẹ, ẹ ti rí ibi tí òye yín ti jò.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé géèmù yóò máa pa irọ́. Ó mú 743 sọ́kàn, ó sì ń sọ fún olùgbá pé «láti 1 dé 100», torí pé ibi méjì ni nọ́ńbà náà wà, ibì kan péré lẹ sì tún ṣe. Ẹ kọ «oke = 100» sókè pátápátá, kí ẹ wá fi «oke» rọ́pò 100 àti 1000 níbi gbogbo yòókù. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń jáde, ẹ fi lẹ́tà f síwájú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ẹ sì fi «oke» sáàárín {}. Láti ọjọ́ náà lọ, ibì kan ṣoṣo lẹ ó máa fọwọ́ kàn. Gbogbo nọ́ńbà tó ń pinnu bí géèmù yín ṣe le tó, òkè fáìlì ni ibùgbé rẹ̀.

Ẹ fẹ́ kí ó le sí i? Ẹ dín iye ìgbà tí olùgbá lè gbìyànjú kù. Mélòó ló yẹ kó jẹ́? Ìṣirò ló máa dáhùn. Ẹni tó gbọ́n á máa mú àárín: 50 lákọ̀ọ́kọ́, bó bá pọ̀ jù, 25, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì ń lọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ tó ní ànfààní méje yóò rí nọ́ńbà èyíkéyìí láàárín 1 sí 100, nítorí méje lè bo nọ́ńbà 127. Bí ẹ bá fún un ní mẹ́fà, 63 péré ló lè bò, ìyókù di ọ̀rọ̀ orí. Ti 1000 ńkọ́? Mẹ́wàá ti tó. Nítorí náà méje jẹ́ ìdánwò ọgbọ́n, mẹ́fà jẹ́ tẹ́tẹ́. Ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí géèmù yín jẹ́. Èmi fẹ́ràn mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ «ó kù díẹ̀ káàtó» nígbà tí olùgbá bá súnmọ́ ọn tó márùn-ún.

Nígbà tí èyí bá ti sú yín ni kí ẹ lọ sí ohun tó ń rìn. Bọ́ọ̀lù kan, pákó kan tí a fi ń gbá a padà, ògiri mẹ́ta. Ẹ ó nílò Pygame, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù nínú Python; «pip install pygame» ni a ń tẹ̀ sí ojú ibi tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà (terminal) láti gbé e sórí rẹ̀. Ẹ má fojú kéré bọ́ọ̀lù àti pákó. Pong tí ilé iṣẹ́ Atari gbé jáde ní 1972, iṣẹ́ ìdánrawò lásán ni Nolan Bushnell, ọ̀kan lára àwọn tó dá Atari sílẹ̀, fi í ṣe nígbà tó gbé e fún Allan Alcorn, ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Alcorn pín pákó sí ọ̀nà mẹ́jọ kí bọ́ọ̀lù má baà máa padà ní igun kan náà nígbà gbogbo, ìyẹn sì wà lára ohun tó sọ ohun tó ń súni di ohun tí èèyàn ò fẹ́ fi sílẹ̀.

Bí irú géèmù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú. Ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń ṣe nǹkan mẹ́ta: ó ń wo bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀, ó ń ṣírò ibi tí ohun gbogbo yóò wà, ó ń ya gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Bọ́ọ̀lù kò rìn rárá. A kàn ń pa á rẹ́, a sì ń tún un yà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bó bá ń sún ní píksẹ́lì 5 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di ojú kọ̀ǹpútà), ó sún 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú géèmù tó fẹ̀ tó 800 kò sì ní gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ fi 15 dán an wò, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín ò yá tó. Ẹ fi 60 dán an wò, bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó kọjá bí iwin: ní ìgbà kan ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ní ìgbà kejì ó ti wà lápá òsì, kò sì sí ìgbà kankan tí àwọn méjèèjì kan ara wọn. Àti pé y, nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe wà lókè tàbí nísàlẹ̀, bó bá ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ ló ń lọ níbí, kì í ṣe òkè bí ti ìwé ìṣirò. Gbogbo wa ni pákó wa ti gba ọ̀nà òdì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó gba ìrọ̀lẹ́ mi kan. Láti dá bọ́ọ̀lù padà lára ògiri, a máa ń sọ ìyára rẹ̀ di òdì rẹ̀: bí x, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà láti òsì sí ọ̀tún, bá ti ju 780 lọ, 5 di -5. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo wá fẹ́ kí ògiri máa gba díẹ̀ lára agbára bọ́ọ̀lù, mo sì fi -0.9 sọ ìyára náà di púpọ̀. Bọ́ọ̀lù dé ògiri, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbọ̀n títí tó fi kú síbẹ̀. Mo yẹ gbogbo kóòdù wò tán kí n tó mú bírò. Bọ́ọ̀lù wọ 785, ìyára di -4.5. Nígbà tó sún padà, 780.5 ló dé, tó ṣì ju 780 lọ, ni ògiri bá tún yí i padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìlà kan ló wò ó sàn: kí ẹ tó yí ìyára padà, ẹ kọ́kọ́ dá x padà sí 780. Bírò àti ìwé wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ níbi iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe gbogbo àléébù náà ló yẹ kí ẹ wò sàn. Pákó inú Pong kò lè dé òkè pátápátá nítorí àbùkù kan nínú sákíìtì rẹ̀, Alcorn sì fi í sílẹ̀ torí pé ó jẹ́ kí géèmù le. Nínú géèmù Space Invaders ti 1978, bí olùgbá ṣe ń yìnbọn pa àwọn ọ̀tá ni àwọn tó kù ń yára sí i, nítorí ẹ̀rọ kò ní ohun púpọ̀ láti yà mọ́. Tomohiro Nishikado, tó ṣe géèmù náà, rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù yín bá ṣe nǹkan tí ẹ ò rán an, ẹ kọ́kọ́ gbá a díẹ̀ ná.

Àwòrán àti ohùn, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn. Ilé mi àtijọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Nígbà tí àkókò wọn bá tó, èyí tí ẹni tó ṣe é kọ CC0 sí, ìyẹn àmì pé ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ni kí ẹ mú, torí pé bí nǹkan ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà pamọ́ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù, ni àwọn tó ti pẹ́ níṣẹ́ ń lò. Ẹ̀yin, ẹ máa pè é ní geemu1.py, geemu2.py, ó tó fún oṣù àkọ́kọ́.

Tí ó bá ti ń lọ geere, ẹ gbé e fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu dé. Èyí ṣòro ju kóòdù lọ. Yóò tẹ bọ́tìnì tí ẹ ò rò. Yóò béèrè pé báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ ti kọ ọ́ gàgàrà sójú rẹ̀. Ẹ má dáhùn. Ẹ kọ ibi tó ti dúró, ibi tó ti mí kanlẹ̀, ibi tó ti rẹ́rìn-ín. Bó bá ti lọ, ẹ mú ọ̀kan nínú ohun tí ẹ kọ, ọ̀kan péré, kí ẹ ṣí fáìlì yín.